Ẹni tó ń ka àfòpiná, kó ka oṣù pẹ̀lú

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan ní agbègbè Ofẹ̀, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, obìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ti mọ nọ́ńbà kọ láti 1 títí dé 100. Ó ní: "Ọ̀gá, nọ́ńbà tí ẹ kọ́ wa yìí, kí ni kí n máa fi kà? Èmi kò ní owó tí mo lè máa kà lójoojúmọ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé.

Oko ẹ̀wà rẹ̀ ni ó ti dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kòkòrò ti ba òdòdó ẹ̀wà náà jẹ́. Ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò tíì lè rìn, oyún mìíràn sì ti ń hàn lára rẹ̀. Ohun méjì ni ó yẹ kí ó máa kà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Èsì tí n kò rí fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń kọ lónìí, fún òun àti fún gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ìdin kékeré tí a ń rí nínú òdòdó ẹ̀wà, tí ó ní àmì dúdú tò-tò-tò lára, kì í ṣe inú ilẹ̀ ni ó ti hù jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aládùúgbò burúkú ni ó rán an wá. Ọmọ àfòpiná ni. Àfòpiná náà kéré, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, ó sì ní ojú funfun tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá. Maruca ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Òru ni ó ń fò. Yóò bà lé orí òdòdó tí kò tíì là, yóò yé ẹyin sí i, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹyin bá pa, ìdin náà á wọ inú òdòdó lọ, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn so òdòdó mọ́ ara wọn, á sì máa jẹun níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Láti inú òdòdó ni yóò ti bọ́ sínú èso ẹ̀wà. Ní ọjọ́ tí a bá fi ojú rí i, ó ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Oògùn tí a bá wá ń fín lórí ewé kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí kòkòrò yìí fi lè gba láti 20 títí dé 80 nínú 100 lọ́wọ́ ẹni tó gbin ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n àfòpiná máa ń ṣáájú ìdin. Bí a bá mọ ọjọ́ tí àfòpiná dé, a ti mọ̀ pé ìdin ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé òru ni ó ń rìn, tí àwa sì ń sùn?

Òórùn ni ọ̀nà rẹ̀. Abo àfòpiná tó bá fẹ́ akọ máa ń tú òórùn kan jáde. Èèyàn kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n akọ á gbọ́ ọ láti òkèèrè, á sì tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ ti mọ bí a ti í ṣe irú òórùn náà. Wọ́n á fi sínú rọ́bà kékeré kan, wọ́n á sì fi rọ́bà náà ṣe ìjẹ nínú tàkúté. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ IITA tó wà ní Abomey-Calavi pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán tàkúté yìí wò fún àfòpiná ẹ̀wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé kì í ṣe ohun èlò olówó ńlá ni wọ́n fi ṣe é. Bidon lásán ni, irú èyí tí a fi ń ra òróró. Wọ́n gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n da omi ọṣẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n so ìjẹ náà sí inú rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sórí igi ní nǹkan bí 120 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀. Àfòpiná tó bá wọlé á ṣubú sínú omi ọṣẹ, kò sì ní lè jáde mọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ti bidon yìí kò tilẹ̀ ní fìtílà nínú.

Ìjẹ náà nìkan ni a kò lè sè nínú ìkòkò nílé. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a ti lè béèrè rẹ̀. Òórùn rẹ̀ sì máa ń tán: ti àfòpiná àgbàdo, láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Mo dárúkọ àgbàdo. Ẹ kò ní gbàgbé kòkòrò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo wa ní ọdún 2016. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà. Àfòpiná kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní 1000 kó tó kú, ó sì máa ń yé wọn jọ lójú kan, 100 tàbí 200 lẹ́ẹ̀kan. Láàrin nǹkan bí oṣù kan, ẹyin ti di ìdin, ìdin ti wọ inú ilẹ̀ lọ yí ara padà, ó sì ti tún di àfòpiná. Báwo ni a ti í dá ìdin yìí mọ̀ láàrin àwọn yòókù? Inú mi dùn láti sọ pé ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà ni yóò tètè dá a mọ̀. Lẹ́tà Y wà níwájú orí rẹ̀, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní ìhà ìrù rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin tò bí igun mẹ́rin àpótí.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ rí tàkúté á sọ pé: "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kó o kún inú oko, kí a pa gbogbo wọn tán." Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ nìkan ni tàkúté àgbàdo ń mú. Akọ kan tó bá sì ṣẹ́kù lè bá abo púpọ̀ pàdé, ẹyin 1000 á sì wà níbẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Tàkúté kì í ṣe ọdẹ, amí ni. Ó ń sọ fún wa pé ogun ti dé ẹnubodè. Ẹni tó bá gbé amí sẹ́nu ọ̀nà tí kò sì béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, bidon rẹ̀ ni ó fi ṣòfò.

Bíbéèrè ìròyìn ni kíkà. Ẹ lọ sí ìdí tàkúté ní ọjọ́ kan náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀wà bá ń tanná. Ẹ ka àfòpiná tó wà nínú omi, ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ da omi náà nù, ẹ sì bu tuntun sí i. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá jẹ́ 0, tí èkejì jẹ́ 1, tí ẹ̀kẹta wá di 9, ẹ ti mọ̀ pé àkókò ti tó láti wọ inú oko lọ wo ewé àti òdòdó. Nínú oko àgbàdo, ẹ dúró ní ibi 5, kí ẹ wo igi àgbàdo 10 ní ibi kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50. Bí àgbàdo bá ṣì kéré, tí ẹ sì rí 10 nínú 50 tí kòkòrò ti jẹ, ẹ má ṣe dúró mọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹyin àti ìdin tí ẹ rí pa, ẹ bu eérú tàbí iyanrìn díẹ̀ sí àárín ewé níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, kí ẹ sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi tí a fi èso dóńgóyárò gígún ṣe wúlò pẹ̀lú. Oògùn tí a ń rà ni kó kẹ́yìn, kó sì jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fọwọ́ sí fún oúnjẹ.

Níbi ọ̀rọ̀ oògùn yìí ni oko àti ilé ìgbẹ̀bí ti pàdé.

Gbogbo wa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí kòkòrò dé á máa fín oògùn nítorí ìbẹ̀rù. Á fín in lónìí, á tún fín in lọ́tùn-ún. Oògùn tí a fún un fún òwú ni yóò fín sórí ẹ̀wà, nítorí òun ni ó wà nílé. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, ní ìhà Borgou, ìjọba ka ó kéré tán èèyàn 37 tí oògùn òwú tó ń jẹ́ endosulfan pa. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí oògùn ti kàn, àwọn mìíràn fi ìgò rẹ̀ bu omi mu. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi endosulfan sínú ìwé àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ pa rẹ́. Endosulfan lọ, ṣùgbọ́n àṣà fífi oògùn òwú fín oúnjẹ kò tíì lọ pátápátá.

Ta ni ó ń pọn omi tí a fi ń po oògùn náà? Obìnrin ni. Ta ni ó ń fọ aṣọ tí ọkọ wọ̀ lọ fín oògùn? Obìnrin náà ni, ọmọ sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń fọ̀ ọ́. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí lè gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ara ọmọ tó wà nínú, wọ́n sì lè wà nínú omi ọmú. Nítorí náà, aláboyún kò gbọdọ̀ fín oògùn, kò gbọdọ̀ pò ó, kò sì gbọdọ̀ fọ aṣọ rẹ̀. Bákan náà ni abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Kí ẹni tó wọ aṣọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, jìnnà sí odò àti kànga. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ọkùnrin kan nínú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ wá wò ó: obìnrin tí oyún rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn, nígbà wo ni kò lóyún tí kò sì fọ́mọ lọ́mú? Nígbà wo ni ara rẹ̀ ń sinmi? Èyí ni ohun kejì tó yẹ kí obìnrin inú kíláàsì wa máa kà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá ní ìmọ̀ràn pé lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, kí ó jẹ́ kí oṣù 24, ó kéré tán, kọjá kí ó tó tún lóyún. Bí a bá fi oṣù 9 oyún kún un, ó di oṣù 33 láàrin ọmọ kan àti èkejì, ó sún mọ́ ọdún mẹ́ta. Bí oyún bá sì bàjẹ́, kí ó dúró fún oṣù 6 ó kéré tán. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Oyún àti ìbí ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ìyá. Ọmú ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oyún mìíràn bá dé kí ohun tó lọ tó padà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni ìyá yóò gbé dé orí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí sì ni ó ń pa àwọn ìyá jù. Ọmọ tó wà nínú lè tètè dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó sì lè kéré jù. Ọmọ tó wà lẹ́yìn náà á jìyà, nítorí a ó já a lẹ́nu ọmú nígbà tí ọ̀gì nìkan kò tíì tó o.

Ìwádìí tí ìjọba wa ṣe ní ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú ìbí 100.000 ní Bẹ̀nẹ̀, ìyá 391 ni ó ń kú. Ẹ pín in sí kékeré kí ó lè yé wa: nínú ìbí 1000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá 4. Ìwádìí náà tún fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó wà nílé ọkọ, nǹkan bí 12 péré ni ó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé kan láti fi àlàfo sáàrin ọmọ.

Wọ́n á ní nǹkan òyìnbó ni. Rárá o. Àwọn ìyá wa àgbà kò mọ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àlàfo. Abiyamọ kì í tètè padà sí yàrá ọkọ. Ọmọ á mu ọmú títí yóò fi rìn, títí yóò fi lè jẹ́ iṣẹ́ kékeré nínú ilé. Obìnrin tó bá lóyún nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń rá, ojú ń tì í láwùjọ, ojú sì ń ti ọkọ rẹ̀ jù ú lọ. Àṣà náà ti ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, a kò sì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọmọ ni aṣọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ni ó ń da kóró àgbàdo mẹ́wàá sínú ihò kan nítorí pé ó fẹ́ àgbàdo púpọ̀? A ń fi nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà sáàrin poro kan àti èkejì, kò sì sí ẹni tó sọ pé a kò fẹ́ kórè.

Ọ̀nà tó wà kò mọ sí ẹyọ kan. Obìnrin tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan, tọ̀sán-tòru, láìfi omi tàbí ọ̀gì kún un, tí ọmọ náà kò tíì pé oṣù 6, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì tíì padà, kì í sábà lóyún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ààbò náà ti lọ, kí ó wá òmíràn. Abẹ́rẹ́ wà tí a ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Igi rọ́bà tín-ínrín wà tí a ń fi sábẹ́ awọ apá, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 tàbí 5, tí a sì lè yọ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ọmọ. Oògùn oníhóró wà tí a ń gbé mì lójoojúmọ́. Rọ́bà ìdáàbòbò wà fún ọkùnrin, òun ni ó sì ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ àrùn ìbálòpọ̀ pẹ̀lú. Agbẹ̀bí ni yóò wo ara obìnrin kọ̀ọ̀kan, kí ó tó sọ èyí tó bá a mu. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2003 lórí ìlera ìbímọ sọ pé tọkọtaya ló ni ẹ̀tọ́ láti yan iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ àti àlàfo tí wọ́n fẹ́ sáàrin wọn. Kì í ṣe ìyá ọkọ, kì í sì í ṣe aládùúgbò.

Ní ti oyún tó ti wà nílẹ̀, ìgbà 8 ni ó yẹ kí aláboyún rí agbẹ̀bí kó tó bí, kí ìgbà àkọ́kọ́ sì bọ́ sínú oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ọmọ inú kò bá mira mọ́, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2009, ìjọba ni ó ń san owó iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí kò lè fúnra rẹ̀ bí. Ohun tí ìdílé ní láti tọ́jú ni owó ọkọ̀. Kí a ti bá ọlọ́kọ̀ tàbí zémidjan sọ̀rọ̀ kí oṣù ìkúnlẹ̀ tó dé, kí a sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ sí ara ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́.

Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́ náà. Bí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bá dé ìletò, àwọn ọkùnrin ni ó ń kó jọ sábẹ́ igi. Bí agbẹ̀bí bá dé, àwọn obìnrin ni ó ń kó jọ sí ẹ̀yìn ilé. Ọkùnrin gbọ́ nípa tàkúté, obìnrin ni ó ń roko ẹ̀wà. Obìnrin gbọ́ nípa àlàfo ọmọ, ọkùnrin ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bọ́ sí etí tí kò ni ín. Èrò tèmi ni pé kí àwọn méjèèjì máa wá ní ọjọ́ kan náà, sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan náà, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìjókòó: kí agbẹ̀bí bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀, kí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń so bidon kọ́. Kò ní ná ìjọba ìbílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ní owó tuntun kankan. Epo alùpùpù kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ẹ ó ṣe la ìwé yín. Ẹ ṣí ojú ewé méjì tó kọjú síra. Ní ọwọ́ òsì, ẹ kọ "Àfòpiná" sókè, kí ẹ fa ìlà kan sáàrin: ọjọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, iye ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ kọ "Oṣù" sókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó kọ ọjọ́ tó bí, kí ó sì kọ láti 1 dé 24 sísàlẹ̀, kí ó máa fagi lé ọ̀kan bí oṣù kọ̀ọ̀kan bá ti ń parí. Kí ó kọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò tún pé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aláboyún, kí ó kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn dé, kí ó sì kọ láti 1 dé 8 fún ìgbà tí yóò rí agbẹ̀bí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe fi ojú ewé ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo: ọjọ́ ti ìyàwó yín ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Obìnrin tó bi mí léèrè ti ra ìwé tirẹ̀. Ní kíláàsì wa tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú tirẹ̀ dání. Nọ́ńbà tó bá wà nínú wọn ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́ náà.